Ọ̀pá Orí Itan Nínú Ọkọ̀ Eré Onígi Àtijọ́

Ọ̀rọ̀ ọ̀pá irin kan la gbé wá lónìí. Ọ̀pá náà ni wọ́n máa ń fà wá sórí itan èrò kí ọkọ̀ eré tí wọ́n ń pè ní roller coaster tó gbéra, kí ẹnikẹ́ni má bàa fò kúrò lórí àga nígbà tí ọkọ̀ bá ń gun òkè tó sì ń já wálẹ̀. Nínú àwọn ọkọ̀ eré onígi tó ti pẹ́, tí àwọn mìíràn nínú wọn ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún, ọ̀pá yìí ni olórí ohun tó ń di èrò mú. Bí wọ́n ṣe ń lò ó, bí wọ́n ṣe ń tọ́jú rẹ̀, àti ibi tí agbára rẹ̀ pin sí, ni ètò yìí fẹ́ tú palẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti Brooklyn ní New York, ibi tí ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá fi ṣe ilé. Etíkun Coney Island wà níbẹ̀, ibẹ̀ náà sì ni ọkọ̀ eré Cyclone wà. Ọjọ́ 26, oṣù kẹfà, ọdún 1927 ni wọ́n ṣí i. Vernon Keenan ló ya àwòrán rẹ̀, Harry C. Baker ló kọ́ ọ. Gíga rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 85, eré rẹ̀ sì ń tó máìlì 60 ní wákàtí kan. Ibi àkọ́kọ́ tó ti máa ń já wálẹ̀ dà gẹ̀rẹ́ débi pé igun rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó dígíríì 59. Irin ni àwọn òpó tó gbé e dúró, àmọ́ pákó tí wọ́n tò léra, tí wọ́n kan irin pẹlẹbẹ mọ́ lórí, ni wíìlì rẹ̀ ń gbà kọjá. Ìdí nìyí tí àwọn tó mọ iṣẹ́ náà fi ń kà á mọ́ àwọn onígi. Kóòṣì mẹ́ta ló máa ń so pọ̀, èrò mẹ́jọ-mẹ́jọ nínú kóòṣì kọ̀ọ̀kan, méjì-méjì lórí àga. Títí di òní, èrò ṣì ń tò láti wọ̀ ọ́.

Kì í ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀ ni ọkọ̀ eré ti ń lo ọ̀pá. Nígbà tí LaMarcus Thompson ṣí tirẹ̀ ní Coney Island kan náà ní 1884, máìlì mẹ́fà péré ló ń sá ní wákàtí kan, sẹ́ǹtì márùn-ún sì ni owó rẹ̀. Ta ni ìyẹn fẹ́ gbọ̀n dànù? Ní Altoona, ní ìpínlẹ̀ Pennsylvania, Leap-The-Dips tí wọ́n kọ́ ní 1902 ṣì wà lórí ìdúró, kò sì sí ọkọ̀ eré onígi tó dàgbà jù ú lọ láyé. Gíga rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 41, eré rẹ̀ sì wà ní nǹkan bíi máìlì 10 ní wákàtí kan. Kóòṣì rẹ̀ kò ní ọ̀pá orí itan, kò ní bẹ́líìtì, kò ní ohun ìgbórílé. Èrò kàn ń jókòó ni.

John Miller ló yí ọ̀rọ̀ padà. Ẹnjiníà ará Amẹ́ríkà ni, ó sì gba ìwé ẹ̀tọ́ tó lé ní 100 lórí iṣẹ́ yìí. Ní 1919 ó gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí wíìlì kan tó ń sáré lábẹ́ irin ojú ọ̀nà. Ṣáájú ìgbà náà, ńṣe ni ọkọ̀ kàn ń jókòó lórí ọ̀nà rẹ̀. Bí wọ́n bá mú un sáré jù lórí òkè, ó lè fò dànù. Nígbà tí wíìlì ti wà lókè, tí òmíràn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, tí òmíràn sì tún wà nísàlẹ̀, ọkọ̀ kò lè kúrò lójú ọ̀nà mọ́. Àwọn tó ń ya àwòrán ọkọ̀ eré wá rí àyè. Wọ́n mú òkè ga, wọ́n mú gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ le. Jack Rabbit tí Miller fúnra rẹ̀ ya fún ọgbà Kennywood, lẹ́bàá Pittsburgh, ní 1920, ṣì ń gbé èrò sókè kúrò lórí àga títí di ìsinsìnyí níbi tó ti ń já wálẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì léraléra.

Bí ọkọ̀ bá sáré dé góńgó òkè, ojú ọ̀nà á tẹ̀ wálẹ̀, wíìlì ìsàlẹ̀ á sì fa ọkọ̀ tẹ̀ lé e. Èrò ńkọ́? Kò sí ẹni tó kan ara tirẹ̀ mọ́ ojú ọ̀nà. Ọ̀nà òkè tí ara rẹ̀ ti ń lọ tẹ́lẹ̀ ló ṣì fẹ́ máa lọ. Ìdí rẹ̀ á kúrò lórí àga, inú rẹ̀ á ṣe é wọ̀ọ̀, ẹnu rẹ̀ á sì ké láìfẹ́. Adùn tí àwọn olólùfẹ́ ọkọ̀ eré ń torí rẹ̀ sanwó nìyẹn, ibẹ̀ náà sì ni ewu wà. Iṣẹ́ tí wíìlì ìsàlẹ̀ ń ṣe fún ọkọ̀, ọ̀pá orí itan ló ń ṣe é fún èèyàn.

Oríṣi ọ̀pá méjì ló wọ́pọ̀.

Èkíní ní ojú ìdúró kan ṣoṣo. Tó bá wà lókè, ó ṣí. Tó bá wálẹ̀, irin kan tó ní sípíríǹgì nídìí á gbá a mú, ó parí. Ibi kan náà ló máa há sí, ì báà jẹ́ géńdé tó sanra ló jókòó, ì báà jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́wàá tó rí tẹ́ẹ́rẹ́. Èrò méjì tó wà lórí àga kan ló jọ ń lò ó. Philadelphia Toboggan Company tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1904, àti National Amusement Devices ti ìlú Dayton ní Ohio, wà lára àwọn ilé iṣẹ́ tó ṣe irú kóòṣì bẹ́ẹ̀ fún ọgbà eré káàkiri Amẹ́ríkà.

Èkejì ní irin eléyín nídìí. Bí wọ́n ṣe ń tẹ ọ̀pá wálẹ̀, ahọ́n irin kékeré kan á máa bọ́ láti inú eyín kan sí òmíràn, á máa dún ká-ká-ká, kò sì ní jẹ́ kí ọ̀pá padà sókè. Irú èyí lè dúró níbi tí itan èrò bá bá a pàdé. Nínú kóòṣì tó jẹ́ ti ìgbà yìí, olúkúlùkù ló ní ọ̀pá tirẹ̀. Nínú àwọn tó ti pẹ́ díẹ̀, ẹni méjì ṣì lè jọ wà lábẹ́ ọ̀pá eléyín kan.

Ẹ wá fojú inú wo bàbá kan tó sígbọnlẹ̀, tí òun àti ọmọ rẹ̀ obìnrin jọ jókòó. Wọ́n fa ọ̀pá wálẹ̀. Itan bàbá ló kọ́kọ́ kàn, ibẹ̀ ló sì dúró sí. Ọ̀pá há, ó dún, òṣìṣẹ́ fà á, kò mì. Ṣùgbọ́n lórí itan ọmọ, èèyàn lè fi ẹ̀ṣẹ́ bọ àárín ọ̀pá àti aṣọ rẹ̀, ẹ̀ṣẹ́ kejì sì lè tún wọ̀ ọ́. Títì ti tì, àmọ́ kò di ọmọ mú. Tí ọkọ̀ bá dórí òkè tó ń gbé ara sókè, bàbá kò ní lè kúrò lójú kan, ọmọ á sì lọ sókè tó bí àlàfo yẹn bá ṣe fẹ̀ tó. Ọ̀pá olójú ìdúró kan ṣoṣo náà ní àlàfo tirẹ̀, nítorí kì í tẹ̀ lé ìwọ̀n ẹnikẹ́ni.

Tí ẹ bá lóye àlàfo yìí, ẹ ti lóye iṣẹ́ ààbò ọkọ̀ eré onígi àtijọ́. Gbogbo òfin tó le lójú èrò, gbogbo ìdádúró ní ibùdókọ̀, gbogbo àyẹ̀wò òwúrọ̀, ohun tí irin kò lè dí fúnra rẹ̀ ni wọ́n ń dí.

Òfin gíga ló ṣáájú. Ní Cyclone ti Coney Island, ẹni tí kò bá ga tó ínṣì 54 kò gbọdọ̀ wọ̀ ọ́. Àwọn òbí máa ń bínú sí ọ̀pá ìwọ̀n tó wà lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n á ní ọmọ àwọn kò bẹ̀rù. Ìbẹ̀rù kọ́ ni wọ́n ń wọ̀n. Wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá itan ọmọ náà á dé abẹ́ ọ̀pá, bóyá ẹsẹ̀ rẹ̀ á kanlẹ̀, bóyá ọwọ́ rẹ̀ á tó ibi tó yẹ kó dì mú.

Òmíràn ni ìdènà tí wọ́n máa ń fi sí àárín àga, kí èrò méjì má bàa máa yọ̀ lu ara wọn. Òmíràn tún ni bẹ́líìtì ìjókòó tí ọ̀pọ̀ ọgbà ti dè mọ́ kóòṣì àtijọ́, tó fi jẹ́ pé bí ọ̀pá bá fi àlàfo sílẹ̀, bẹ́líìtì á fún un pa. Ní Kennywood, ọkọ̀ eré Thunderbolt ní òfin tirẹ̀: wọn kì í jẹ́ kí ẹnì kan dá jókòó. Ní 1924 ni wọ́n kọ́ ọkọ̀ náà lábẹ́ orúkọ Pippin, kí wọ́n tó tún un ṣe ní 1968. Ibi tó ti ń pòòyì máa ń ti èrò sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan pẹ̀lú agbára, ẹni tó bá dá wà lórí àga fífẹ̀ kò sì ní alábàágbé tí yóò dá a dúró.

Kì í ṣe gbogbo èèyàn ló fẹ́ kí àlàfo náà tán o. Ní ọgbà Knoebels, ní Elysburg, Pennsylvania, ọkọ̀ eré Phoenix wà níbẹ̀. San Antonio ní Texas ni wọ́n ti kọ́kọ́ kọ́ ọ ní 1947, Rocket lorúkọ rẹ̀ nígbà náà. Wọ́n tú u pákó-pákó, wọ́n kó o gba ọ̀nà jíjìn, wọ́n sì tún un tò sí Knoebels ní 1985. Fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà, ọ̀pá olójú ìdúró kan ló ń lò, àwọn olólùfẹ́ ọkọ̀ eré sì ń ti ọ̀nà jíjìn wá torí pé ara máa ń kúrò lórí àga níbẹ̀ ju ti ibòmíràn lọ. Wọn kò purọ́, adùn rẹ̀ kò láfiwé. Ṣùgbọ́n irú adùn bẹ́ẹ̀ ń béèrè ìṣọ́ra tó ju ti ọ̀pá ìgbàlódé lọ, àwọn òṣìṣẹ́ ni ẹrù ìṣọ́ra náà sì wà lọ́rùn wọn.

Iṣẹ́ wọn bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà tí ọkọ̀ bá ń wọlé. Bíréèkì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mú un dúró pátápátá. Nínú àwọn ọkọ̀ tó pẹ́ jù, ọ̀pá gígùn kan ni òṣìṣẹ́ ń fọwọ́ fà kí bíréèkì tó di ọkọ̀ mú. Lára kóòṣì Philadelphia Toboggan, pẹ́dàlì kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìta, nísàlẹ̀, tí òṣìṣẹ́ á fi ẹsẹ̀ tẹ̀, àwọn ọ̀pá inú kóòṣì yẹn á sì tú. Ẹni tó bá tẹ̀ ẹ́ kí ọkọ̀ tó dúró gan-an ti tú èrò sílẹ̀ nínú ọkọ̀ tó ṣì ń rìn. Fún ìdí èyí, ojú bíréèkì ni wọ́n ń kọ́ òṣìṣẹ́ tuntun láti wò kí wọ́n tó kọ́ ọ ní pẹ́dàlì.

Nígbà tí èrò mìíràn bá ti jókòó, òṣìṣẹ́ méjì, ọ̀kan ní ọwọ́ ọ̀tún, ọ̀kan ní ọwọ́ òsì, á rìn láti ìparí ọkọ̀ kan dé èkejì. Ní àga kọ̀ọ̀kan, wọ́n á tẹ ọ̀pá wálẹ̀, wọ́n á sì tún fà á sókè gidigidi. Wíwò lásán kò tó, nítorí ọ̀pá tí kò há lè wà nílẹ̀ bí ẹni pé ó há. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á fa bẹ́líìtì. Ojú wọn á wà lára ohun tó lè tan ọ̀pá jẹ: báàgì tí ẹnì kan gbé lé itan, kóòtù tó kó jọ síwájú, ọmọ tó gbé orúnkún sókè kí ọ̀pá má bàa fún un. Itan ni ọ̀pá gbọ́dọ̀ sùn lé, kì í ṣe ikùn. Bí gbogbo rẹ̀ bá pé, òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan á na àtàǹpàkò sókè, ẹni tó wà nídìí bọ́tìnnì kò sì gbọ́dọ̀ jẹ́ kí ọkọ̀ gbéra àfi tó bá ti rí ọwọ́ àwọn méjèèjì.

Ẹ gbé e lé ìṣirò. Ọkọ̀ tó ń gbé èrò 24 ní àga 12. Bó bá gbéra nígbà 20 láàárín wákàtí kan, ìgbà 240 ni wọ́n gbọ́dọ̀ tẹ̀, kí wọ́n sì fà, nínú oòrùn, nínú ariwo, nígbà tí àwọn tó tò síta ń kígbe pé kí wọ́n ṣe kíá. Ọ̀pá kẹta àti ọ̀pá igba ní láti gba ìwọ̀n àfiyèsí kan náà. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ yìí jẹ́ ọ̀dọ́ tó wá ṣiṣẹ́ lásìkò ìsinmi. Ọ̀gá tó mọṣẹ́ kì í jẹ́ kí ẹnì kan pẹ́ jù lójú kan. Ó máa ń pààrọ̀ wọn kiri, nítorí ọwọ́ tó ti ń ṣe ohun kan náà láti òwúrọ̀ lè máa fa ọ̀pá kí ọkàn ẹni tó ni ín má sí níbẹ̀ mọ́.

Ṣùgbọ́n òṣìṣẹ́ ibùdókọ̀ kò lè fún ọ̀pá ní agbára tí mẹkáníìkì kò fi sí i. Kí wọ́n tó ṣí ọgbà lárọ̀ọ́, àwọn kan á ti fi ẹsẹ̀ rin ojú ọ̀nà, wọ́n á máa wo pákó tó là, bóòtù tó dẹ̀, ìṣó tó yọrí. Àwọn mìíràn á wà nídìí kóòṣì. Wọ́n á ti ọ̀pá kọ̀ọ̀kan, wọ́n á fi gbogbo agbára ara fà á, wọ́n á mì í sí ọ̀tún, wọ́n á mì í sí òsì, wọ́n á sì fetí sí i bóyá ó ń dún gbọ̀lọ̀-gbọ̀lọ̀ níbi tí kò yẹ. Wọ́n á tẹ pẹ́dàlì wò, wọ́n á rí i pé ó padà sí àyè rẹ̀. Wọ́n á rán ọkọ̀ lófìfo yípo ní ìgbà mélòó kan. Tó bá dé, wọ́n á tún yẹ ọ̀pá wò, bóyá gbígbọ̀n ojú ọ̀nà ti tú èyíkéyìí. Lẹ́yìn náà ni ẹni tó ṣe é á kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé àkọsílẹ̀. Bí ọ̀pá kan bá kọ̀, àga yẹn kò ní gba èrò, tàbí kí wọ́n yọ ọkọ̀ náà kúrò lójú ọ̀nà títí wọ́n á fi tún un ṣe.

Irin tó ń fara gbo irin ló ń fa èyí tó pọ̀ jù nínú ìṣòro. Píìnì tí ọ̀pá fi ń yí lè jẹ díẹ̀, ihò tó wọ̀ sí náà á sì fẹ̀ sí i. Nídìí, ẹ lè má rí ìyàtọ̀ rẹ̀. Ní orí ọ̀pá, tó jìnnà sí ìdí, ìwọ̀nba díẹ̀ yẹn á ti di ìmì tó hàn sí ojú. Eyín irin náà máa ń kú. Etí rẹ̀ tó mú tẹ́lẹ̀ á di roboto, ahọ́n rẹ̀ náà á di roboto. Bí wọ́n bá fọwọ́ fà á ní ibùdókọ̀, ó lè dì í mú. Lórí òkè, nígbà tí gbogbo ọkọ̀ ń gbọ̀n, tí ara èèyàn sì ń tì í láti ìsàlẹ̀, ó lè yọ̀ kúrò. Sípíríǹgì tó ti rẹ̀ kì í tètè ti ahọ́n wọlé. Gíríìsì tó bá pọ̀ jù máa ń kó eruku àti ìyẹ̀fun pákó jọ, ahọ́n á sì máa lọ́ra.

Iyọ̀ òkun tún wà. Cyclone wà létí òkun Àtìláńtíìkì, Giant Dipper ti Santa Cruz ní Kalifóníà, tí wọ́n ṣí ní 1924, wà létí òkun Pàsífíìkì, Big Dipper ti Blackpool ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tó jẹ́ ti 1923, kò sì jìnnà sí omi. Atẹ́gùn oníyọ̀ máa ń wọ ibi tí búrọ́ọ̀ṣì ọ̀dà kò dé, ó sì ń jẹ píìnì àti sípíríǹgì láti inú wá.

Fóòmù tí wọ́n fi ń bo ọ̀pá náà ní òfin. Bó bá gbó, tí ẹnì kan sì fi èyí tó tinrín dípò rẹ̀, àlàfo ti fẹ̀ sí i láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan irin. Bó bá fi èyí tó nípọn jù sí i, ẹni tó sanra lè má jẹ́ kó há. Ìwọ̀n tí àwọn tó ṣe kóòṣì kọ sílẹ̀ ni wọ́n gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé.

Ìgbà òtútù ni iṣẹ́ ńlá máa ń wáyé ní Pennsylvania àti New York, nígbà tí ọgbà ti tì. Wọ́n á tú kóòṣì palẹ̀, wọ́n á yọ ọ̀pá, wọ́n á yọ píìnì, wọ́n á yọ wíìlì àti irin tí wíìlì fi ń yí. Ibi tí wọ́n ti jó irin pọ̀ ni ojú ń kọ́kọ́ lọ, nítorí ibẹ̀ ni irin ti máa ń là wẹ́rẹ́. Irú ìlà bẹ́ẹ̀ kò hàn sí ojú lásán. Wọ́n á fọ ibẹ̀ mọ́ tónítóní, wọ́n á fọ́n omi àwọ̀ pupa sí i, wọ́n á dúró kó wọlé, wọ́n á nu gbogbo rẹ̀ kúrò, wọ́n á wá fọ́n ẹfun funfun lé e. Bí irin náà bá ti là, àwọ̀ pupa tó ti sá pamọ́ sínú rẹ̀ á yọ jáde lára ẹfun bí òwú tẹ́ẹ́rẹ́. Ọ̀nà mìíràn ni kí wọ́n sọ irin náà di màgínẹ́ẹ̀tì, kí wọ́n da ìyẹ̀fun irin sí i. Ìyẹ̀fun náà á tò gbọọrọ lójú ibi tó là. Irin tí wọ́n bá bá ìlà lára rẹ̀ kò gbọdọ̀ padà sínú ọkọ̀ láìjẹ́ pé ẹnjiníà tó lẹ́tọ̀ọ́ fọwọ́ sí bí wọ́n ṣe tún un ṣe.

Níbo ni wọ́n ti ń rí irin tuntun fún kóòṣì tó ti pé ọgọ́ta tàbí àádọ́rin ọdún? Ilé iṣẹ́ tó jogún iṣẹ́ Philadelphia Toboggan ṣì wà ní Pennsylvania. Ṣùgbọ́n fún kóòṣì tí àwọn tó ṣe é ti pa iṣẹ́ tì, àwòrán àtijọ́ ni wọ́n ń tẹ̀ lé láti rọ òmíràn. Ìwọ̀n nìkan kò tó. Irú irin tí wọ́n lò gbọ́dọ̀ bá ti tẹ́lẹ̀ mu, torí píìnì tó le jù lè ṣẹ́ lójijì, èyí tó rọ̀ jù á sì tètè jẹ.

Ìtàn jàǹbá fi hàn pé ẹ̀gbẹ́ méjì ni àlàfo ti lè ṣí: ọwọ́ èrò fúnra rẹ̀, àti ara ọ̀pá. Ní Crystal Beach, ní Ontario ní Kánádà, ọkùnrin kan dìde ní 1938 láti bọ́ kóòtù rẹ̀ nígbà tí ọkọ̀ fẹ́ já wálẹ̀, ó sì kú. Ní 1988, òṣìṣẹ́ àtúnṣe kan nínú ọgbà tó ń bójú tó Cyclone ti Coney Island wọ ọkọ̀ náà lásìkò ìsinmi ọ̀sán, ó dìde dúró níbi ìjáwálẹ̀ àkọ́kọ́, ó jábọ́, ó sì kú. Ní ọjọ́ 31, oṣù karùn-ún, ọdún 2003, obìnrin kan já bọ́ láti inú Raven, ọkọ̀ eré onígi tí wọ́n kọ́ ní 1995 sí ọgbà Holiday World ní Indiana. Ìwádìí sọ pé ọ̀pá àti bẹ́líìtì ń ṣiṣẹ́ bó ti yẹ, pé bẹ́líìtì rẹ̀ ti tú nígbà tí ọkọ̀ fi dé ibùdó, àwọn tó rí i sì sọ pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ nàró lórí àga.

Ti Texas yàtọ̀. Texas Giant jẹ́ ọkọ̀ eré onígi láti 1990. Nígbà tó di 2011, wọ́n ti fi irin rọ́pò ojú ọ̀nà rẹ̀, wọ́n sì ti ra ọkọ̀ tuntun tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ní ọ̀pá tirẹ̀. Síbẹ̀, ní ọjọ́ 19, oṣù keje, ọdún 2013, obìnrin kan já bọ́ láti inú rẹ̀, ó sì kú. Nígbà tí wọ́n tún un ṣí nínú oṣù kẹsàn-án ọdún náà, wọ́n ti fi bẹ́líìtì kún un, wọ́n ti yí fóòmù orí ọ̀pá padà, wọ́n sì gbé àga àyẹ̀wò sí ẹnu ọ̀nà kí èrò lè mọ̀ bóyá ọ̀pá á bá ara òun mu. Ọ̀pá tuntun náà ní láti bá itan tó wà níwájú rẹ̀ mu, ọwọ́ àti ojú èèyàn ló sì ń fìdí ìyẹn múlẹ̀.

Òfin Amẹ́ríkà lórí ọ̀rọ̀ yìí kò rí bákan náà láti ìpínlẹ̀ dé ìpínlẹ̀. Láti 1981 ni ìjọba àpapọ̀ ti jáwọ́ nínú àbójútó ọkọ̀ eré tó wà lójú kan, tó sì di ti àwọn ìpínlẹ̀. Pennsylvania ṣe òfin tirẹ̀ ní 1984, ilé iṣẹ́ ètò ọ̀gbìn wọn ló sì ń bójú tó o. Ní 1978 ni ASTM, àjọ tó ń kọ ìlànà iṣẹ́, dá ìgbìmọ̀ F24 rẹ̀ sílẹ̀, ìgbìmọ̀ náà ló sì ń kọ ìlànà tí ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ ń tẹ̀ lé. Ìlànà náà pín ohun ìdènà sí ìpele márùn-ún: ìkíní kò béèrè ìdènà kankan, ìkarùn-ún béèrè pé kí olúkúlùkù ní tirẹ̀, kí ọ̀nà ìtìpa sì ju ẹyọ kan lọ, tó fi jẹ́ pé bí ọ̀kan bá kọ̀, òmíràn á mú un. Bí ọkọ̀ bá ṣe ń gbé ara èrò sókè tó ló ń pinnu ìpele rẹ̀.

Kókó kan kù tí àwọn èrò kì í sábà mọ̀. Bí iná bá lọ tí ọkọ̀ sì dúró lórí ṣéènì tó ń fà á gun òkè, ọ̀pá wọn kò ní ṣí. Irin àti sípíríǹgì ló ń tì í, iná kọ́, bẹ́ẹ̀ ló sì yẹ kó rí. Òṣìṣẹ́ ló máa gun àtẹ̀gùn ẹ̀gbẹ́ wá, á tú kóòṣì kan lẹ́ẹ̀kan, á di èrò lọ́wọ́ mú sọ̀ kalẹ̀ kó tó dé ọ̀dọ̀ àwọn tó kàn. Ẹni tó bá gbìyànjú láti yọ́ jáde fúnra rẹ̀ níbẹ̀ ń fi ẹ̀mí ara rẹ̀ wéwu.

Kí ló wá yẹ kí àwọn tó ni ọgbà ṣe? Pákó Cyclone àti ti Jack Rabbit jẹ́ ogún tó yẹ kí wọ́n pa mọ́, kò sì sí ẹni tó fẹ́ràn ọkọ̀ eré tí yóò gbà kí wọ́n wó wọn. Ṣùgbọ́n ọ̀pá kì í ṣe pákó. Níbi tí ọmọ àti àgbà ti ń jókòó pọ̀, ó yẹ kí olúkúlùkù ní ọ̀pá eléyín tirẹ̀, pàápàá nínú ọkọ̀ tó ń gbé ara sókè gidi. Ọkọ̀ tí ọgbà bá fẹ́ fi sílẹ̀ pẹ̀lú ọ̀pá àtijọ́ gbọ́dọ̀ ní bẹ́líìtì, ìdènà àárín àga, àti òṣìṣẹ́ tó ní àyè láti dá ọkọ̀ dúró láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bá a wí.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé lókè òkun, tí ẹ óò mú ọmọ lọ sí Coney Island tàbí Blackpool nínú ooru tó ń bọ̀, ẹ jẹ́ kí ọmọ jókòó pẹ̀lú ẹni tí ìwọ̀n wọn jọra. Bí ọ̀pá bá ti há, ẹ fi ọwọ́ yín bọ àárín rẹ̀ àti itan ọmọ. Bí àyè ibẹ̀ bá gba ẹ̀ṣẹ́, tí kò sì sí bẹ́líìtì, ẹ na ọwọ́ sókè, kí ẹ sì pe òṣìṣẹ́ kí ọkọ̀ tó kúrò ní ibùdó. Kó pààrọ̀ ìjókòó yín, tàbí kí ọmọ sọ̀ kalẹ̀. Gbogbo rẹ̀ kò ní gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ, iṣẹ́ tí wọ́n gba òṣìṣẹ́ náà fún sì nìyẹn.